Kí ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ nínú kọ̀ǹpútà géèmù tí mo fọwọ́ ara mi tò? Owó ò pọ̀ lọ́wọ́

Ọdẹ_FPS
Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Kọ̀ǹpútà géèmù tí mo fọwọ́ ara mi tò ló ti ń wọ́ nílẹ̀ báyìí, mo fẹ́ tún inú ẹ̀ ṣe àmọ́ owó ọwọ́ mi ò lè ra ju nǹkan ńlá kan lọ, bóyá pẹ̀lú nǹkan kékeré kan tàbí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ohun tó wà nínú ẹ̀ nìyí: CPU (ọpọlọ ẹ̀) Ryzen 5 2600, motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀ so mọ́) B450, RAM (ibi ìrántí ìgbà díẹ̀) DDR4 8GB ẹyọ kan, GPU (káàdì àwòrán) GTX 1060 6GB, hard disk 1TB èyí tó ń yí, kò sí SSD (disk tí kì í yí), PSU (àpótí tó ń pín iná) 450W, mónítọ̀ 1080p tó ń lọ dé 144Hz. Géèmù ìbọn táwa ọ̀rẹ́ jọ ń gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń gbá jù, lẹ́yìn ìyẹn àwọn géèmù ńlá onítàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde yìí.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó máa ń dúró gbagidi láàárín eré. FPS (iye àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) á wà ní 90, á ṣàdédé já sí 35, ojú mónítọ̀ á dúró bí ìṣẹ́jú àáyá kan, kó tó máa rìn pa dà wọ́n ti yìnbọn fún mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní GPU ni kí n pààrọ̀, òmíràn ní kí n tú gbogbo ẹ̀ tà kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ lórí AM5, ihò CPU tuntun ti AMD. Èwo ni ṣíṣe? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

AgbáKéèsì
GPU ni. 1060 ti pẹ́, ọdún 2016 ló jáde. Pààrọ̀ ẹ̀, ó parí.

Ìgbà_Ọ̀tun
Èmi ò fara mọ́ ìyẹn o. Ẹni tó bá ń náwó sórí AM4 (irú ihò CPU tó wà lára B450 yẹn) lásìkò yìí, orí nǹkan tó ti dé òpin ló ń náwó sí. AM5 ti jáde láti 2022, àwọn CPU tuntun AMD orí ẹ̀ ni wọ́n ń bọ́ sí, ohun tó bá rà síbẹ̀ báyìí á bá a dé iwájú. Kó ta eléyìí, kó fi owó ẹ̀ kún tọwọ́ ẹ̀.

AgbáKéèsì
@Ìgbà_Ọ̀tun RAM DDR5 nìkan ni AM5 ń gbà. Ìyẹn ni pé CPU, motherboard àti RAM, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa rà wọ́n, tó bá wá rà wọ́n tán 1060 yẹn náà ló ṣì máa wà níbẹ̀. Ó ti sọ pé nǹkan ńlá kan lòun lè rà.

Ìyálóde_Benchmark
Ẹ dúró ná, ẹ̀yin èèyàn mi. Gbogbo wa ti ń pín oògùn, kò tíì sẹ́ni tó yẹ aláìsàn wò. Ọdẹ_FPS àbúrò mi, má tíì ra nǹkan kan o.

Lọ gbé MSI Afterburner sórí ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, RivaTuner máa ń bá a wá, òun ló máa gbé nọ́ńbà sí kọ̀rọ̀ ojú mónítọ̀ bó o bá ń gbá géèmù lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ kó o tàn síbẹ̀ ni iṣẹ́ tí GPU ń ṣe, iṣẹ́ tí core (orí) kọ̀ọ̀kan nínú CPU ń ṣe, má wo àpapọ̀ ẹ̀ nìkan torí CPU olórí mẹ́fà lè fi 45% hàn nígbà tí core kan ti kún dé ọrùn, lẹ́yìn náà RAM tó ti lò, VRAM (RAM inú GPU) tó ti lò, ìgbóná CPU àti GPU, àti frametime. Frametime yẹn ló ṣe kókó jù lójú tèmi. Bí géèmù bá ń lọ ní 60 FPS, àwòrán kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 16.7, bó bá jẹ́ 144 FPS, 6.9 ni. Bí ìlà frametime ẹ bá ń lọ gbọọrọ ní 11 tó wá ṣàdédé fò dé 80, ohun tójú ẹ ń rí nìyẹn, ìpíndọ́gba FPS ò ní sọ ọ́ fún ẹ láéláé.

Bó o ṣe máa kà á: bí GPU bá wà ní 97 sí 99% ní gbogbo ìgbà, GPU ló ń fà ẹ́ sẹ́yìn. Bí GPU bá wà ní 60 tàbí 70, tí core kan tàbí méjì sì ti kọjá 90, CPU tàbí RAM ni kó o máa fura sí. Bó bá ṣì ń rú ẹ lójú, sọ resolution (ìwọ̀n àwòrán) kalẹ̀ sí 720p kó o tún gbá ibì kan náà: bí FPS ò bá yí pa dà, GPU ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Tún ṣí Task Manager, lọ sí Performance, tẹ Memory, wo Speed àti Slots used tó wà nísàlẹ̀. Kó gbogbo ẹ̀ wá síbí, a jọ máa wò ó.

Ọdẹ_FPS
Ẹ ṣé gan-an mà. Mo ti ṣe é.

Géèmù ìbọn: GPU 62 sí 70%, core kan wà tí kì í sọ̀ kalẹ̀ kúrò ní 94, RAM ti lo 7.6GB nínú 8. Frametime ń fò dé 120 nígbà míì, mo wá ṣàkíyèsí pé gbogbo ìgbà tó bá ti fò báyẹn, hard disk náà á gun 100%, iná kékeré tó wà níwájú kéèsì á tàn gbagada, kò ní ṣẹ́jú rárá.

Géèmù onítàn: GPU 99% látìbẹ̀rẹ̀ dópin, FPS 41, VRAM 5.8GB.

Ìgbóná ò burú, CPU 71, GPU 74. Task Manager ní Speed 2133, Slots used 1 of 4. Ohun tí ò yé mi níbẹ̀ ni pé 3200 ni wọ́n kọ sára RAM yẹn.

WáyàPípé
Iná tí kò ṣẹ́jú yẹn ti jẹ́rìí tán.

Ìyálóde_Benchmark
O ṣeun, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìṣòro méjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo yìí, géèmù kọ̀ọ̀kan sì ń fi tiẹ̀ hàn ẹ́, ìdí nìyẹn táwọn ọ̀rẹ́ ẹ fi ń sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nínú géèmù ìbọn, RAM ló ti kún. Bó bá ti kún, Windows á máa kó ohun tí kò bá lò lọ́wọ́lọ́wọ́ sínú pagefile lórí disk, tí géèmù bá wá bèèrè ẹ̀ pa dà, orí hard disk tó ń yí yẹn ló ti máa lọ wá a. Hard disk tó dáa lè ka bíi 150MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan bí nǹkan bá tò tẹ̀lé ara wọn, àmọ́ bó bá jẹ́ kékeré kékeré tó fọ́n káàkiri ló ń ṣà, kì í sábà ju MB kan tàbí méjì lọ. Géèmù ò lè ṣe nǹkan kan àfi kó dúró dè é, ìdúró gbagidi tó ò ń rí nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, RAM ẹyọ kan, single channel (ọ̀nà kan ṣoṣo) nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: 2133 lórí ẹyọ kan ń gbé nǹkan bíi 17GB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. 3200 lórí ẹyọ kan ń gbé 25.6. 3200 lórí ẹyọ méjì, 51.2. Ìlọ́po mẹ́ta ohun tó ò ń lò báyìí nìyẹn! Core tó wà ní 94 yẹn, púpọ̀ nínú àkókò ẹ̀ ló fi ń retí kí RAM gbé nǹkan wá, a ò sì lè pe CPU ní òkú nígbà tá ò tíì fún un lóúnjẹ. Ti Ryzen tiẹ̀ tún le, torí Infinity Fabric tó so inú ẹ̀ pọ̀, ìyára RAM ló ń bá rìn, bí RAM bá ń fà, inú CPU fúnra ẹ̀ náà ń fà.

2133 yẹn kì í ṣe àìsàn RAM. Bí motherboard ṣe sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀ nìyẹn, ìwọ lo máa wọ BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà) lọ tan XMP, ohun tó ń jẹ́ kí RAM rìn ní ìyára tí wọ́n kọ sára ẹ̀, àwọn motherboard míì ń pè é ní DOCP tàbí A-XMP. 2933 ni AMD fọwọ́ sí fún 2600, àmọ́ 3200 sábà máa ń ṣiṣẹ́. Bó bá kọ̀ tí kò tàn, fà á wálẹ̀ sí 3000 tàbí 2933, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò tó nǹkan. Kò ná ẹ ní kọ́bọ̀, òní ni kó o ṣe é.

Ọdẹ_FPS
Ó ti yé mi wàyí. Ṣé kí n ra 8GB ẹyọ kan kún un ni àbí kí n ra méjì tó bára mu kí n yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò?

WáyàPípé
Bó o bá rí irú èyí tó wà nínú ẹ̀ gan-an, nọ́ńbà ara ẹ̀ kan náà, ra ẹyọ kan. Bó ò bá rí i, méjì tó wá nínú páálí kan náà ló fọkàn balẹ̀ jù. Àwọn èèyàn ń da oríṣi méjì pọ̀, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ gbogbo ẹ̀ á máa rìn ní ìwọ̀n èyí tó lọ́ra jù, nígbà míì sì rèé XMP á kọ̀ jálẹ̀, wàá wá máa ṣe kàyéfì ìdí tí géèmù fi ń kú lójijì. Èyí tó wù kó o rà, ihò kejì àti ìkẹrin ni kó o fi wọ́n sí bó o bá ń kà láti ẹ̀gbẹ́ CPU, A2 àti B2 ló máa wà lára motherboard. Bó o bá fi méjèèjì sí ihò ọ̀kan àti èkejì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, single channel ló ṣì máa jẹ́.

Ọ̀rọ̀ SSD ńkọ́, má jẹ́ kí nọ́ńbà ara páálí fà ẹ́ lójú. B450 ò ga ju PCIe 3.0 lọ (PCIe ni ọ̀nà tí káàdì àti SSD ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀), SSD Gen4, ìyẹn ti PCIe 4.0, tó ní òun ń sáré 7000MB, bíi 3500 ló máa rìn níbẹ̀. Kódà SSD SATA, èyí tó ń lo irú wáyà hard disk, tó ń rìn ní 550MB á lé ìdúró yẹn lọ, torí ohun tó ń dá ẹ dúró ni bí orí hard disk ṣe ń rìn kiri kó tó débi tí nǹkan wà, bíi mílísẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, SSD kì í pé mílísẹ́kọ́ńdì kan. Nítorí náà èyí tó bá rọ owó ẹ lọ́rùn ni kó o mú. Windows àti géèmù tó ò ń gbá lọ́wọ́ ni kó o gbé sórí ẹ̀, kí hard disk máa gbé fíìmù àti àwọn géèmù àtijọ́. Ka ìwé motherboard ẹ kó o tó fi sí M.2 (ihò SSD pẹlẹbẹ orí motherboard) o, lórí àwọn B450 kan bí M.2 bá ti ní nǹkan nínú, ihò SATA kan tàbí méjì ò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

SSD ò ní sọ 41 FPS inú géèmù onítàn yẹn di 60 o. Iṣẹ́ GPU nìyẹn.

Àdùkẹ́_144
Ẹ bá mi bi í ná, ṣé 144 ni mónítọ̀ ẹ̀ wà nínú Windows? Windows lè fi í sí 60 láìsọ fún ẹnikẹ́ni, èèyàn á wá máa náwó lé FPS tójú ẹ̀ ò lè rí.

Ọdẹ_FPS
144 ló wà, wáyà DisplayPort ni mo fi so ó.

Ọdẹ_FPS
Àbọ̀ mi rèé. Mo rí RAM irú ti tẹ́lẹ̀ gan-an, mo ra ẹyọ kan, mo ra SSD SATA 500GB. XMP kọ́kọ́ kọ̀ ní 3200, ojú dúdú, kọ̀ǹpútà tan ara ẹ̀ pa dà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó pa dà sí 2133, mo wá fà á sí 3000 bí Ìyálóde ṣe wí, ó gbà. Nínú géèmù ìbọn báyìí FPS ń lọ láàárín 105 sí 130, ibi tó sì ti ń já sí 35 tẹ́lẹ̀ kì í lọ sísàlẹ̀ 80 mọ́. RAM tó ń lò ti di 10.4GB, ẹ wo bí 8 ṣe fẹ́ pa mí. Ìlà frametime lọ gbọọrọ, mo jókòó mo ń wò ó ṣáá.

Géèmù onítàn ṣì wà ní 43. Ẹ̀gbọ́n AgbáKéèsì, ọ̀rọ̀ yín ti kàn.

AgbáKéèsì
Ó dáa bẹ́ẹ̀. 99% yẹn ti sọ tẹnu ẹ̀, GPU ni nǹkan ńlá tó o máa ra.

Fún 1080p, RX 6600 ni mo máa kọ́kọ́ wò tó bá jẹ́ èmi. 2021 ló jáde, 8GB, 132W ló ń jẹ. Ọ̀nà PCIe mẹ́jọ ló ń lò, lórí 3.0 rẹ ó máa pàdánù díẹ̀, kò tó ohun tójú máa rí. RTX 3060 oní 12GB náà dáa, ó ní DLSS (ọgbọ́n NVIDIA tó ń gbé FPS sókè), VRAM ẹ̀ sì máa gbà ẹ́ bí géèmù bá ń béèrè texture (àwòrán ara nǹkan) ńlá, 170W ló ń jẹ. Bí owó àwọn méjèèjì bá sún mọ́ra, mú 3060. Bí 6600 bá fi owó gidi kéré sí i, mú 6600 kó o fi ìyókù pa mọ́ de CPU.

Èyí tí mi ò fẹ́ kó o sún mọ́ ni RX 6500 XT. 4GB ni, ọ̀nà PCIe mẹ́rin péré ló ní, wọ́n ṣe é fún motherboard oní 4.0, lórí B450 ìdajì ìyára ọ̀nà yẹn ló máa rí lò, VRAM á sì tún ti kún. Ó lè má borí 1060 tó wà lọ́wọ́ ẹ ní géèmù míì.

Àdùkẹ́_144
Arc B580 ti Intel ńkọ́? 12GB ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ń yìn ín.

AgbáKéèsì
Ìyìn ẹ̀ yẹ ẹ́ lórí CPU tuntun. Ó nílò Resizable BAR (ohun tó ń jẹ́ kí CPU rí gbogbo VRAM lẹ́ẹ̀kan), láti Ryzen 3000 lọ sókè ni wọ́n fọwọ́ sí fún un, driver (ètò tó ń darí káàdì) ẹ̀ sì ń gbé iṣẹ́ púpọ̀ lé CPU lórí. Àwọn tó dán an wò pẹ̀lú 2600 gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 rí i pé ó ń já wálẹ̀ gidi. Kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà yìí.

Àdùkẹ́_144
Kó o tó sanwó káàdì kankan, ṣí ẹ̀gbẹ́ kéèsì, ka bébà tó wà lára PSU. Má wo 450W gàdàgbà tí wọ́n kọ síwájú, wá ìlà +12V, ibẹ̀ ni GPU àti CPU ti ń jẹun. Amps tó bá wà níbẹ̀, sọ ọ́ di ìlọ́po 12. Mo ní PSU kan rí, 500W ni wọ́n kọ sí i, +12V ẹ̀ jẹ́ 25A, ìyẹn 300W péré, gbogbo ìgbà tí géèmù bá ti wúwo ló ń pa kọ̀ǹpútà lójijì, ọjọ́ tó kú ó mú hard disk kan dání lọ. Inú bí mi gan-an, torí páálí ẹ̀ ni mo gbà gbọ́.

Ìṣirò tìẹ: RX 6600 132W, 2600 bíi 88W bó bá ń ṣiṣẹ́ gidi, ìyókù inú kéèsì ká ní 50W, àpapọ̀ 270W. 450W tó jẹ́ ojúlówó ń gbé ìyẹn láìlàágùn, AMD fúnra wọn 450W ni wọ́n ní kéèyàn lò. Ti 3060, NVIDIA ní 550W, nítorí náà bó bá jẹ́ òun lo yàn, kó PSU mọ́ iye owó ẹ̀ kó o tó sọ pé ó wọ́n díẹ̀. Wo wáyà náà: 1060 sábà máa ń lo onípin 6, 6600 fẹ́ onípin 8, ṣé 6+2 wà lára PSU ẹ?

Ohun kan tí mo bẹ ẹ́ sí i: bó o bá pààrọ̀ PSU tó ní wáyà yíyọ, yọ gbogbo wáyà àtijọ́ kúrò. Ẹnu wọn lè wọ ara wọn dáadáa kí inú ẹ̀ yàtọ̀, disk á jóná lójú ẹsẹ̀.

Ọdẹ_FPS
Mo ti ṣí i. +12V ẹ̀ 36A, ìyẹn 432W. Wáyà 6+2 kan wà níbẹ̀ tí mi ò tíì lò rí.

Àdùkẹ́_144
432 nínú 450, PSU gidi nìyẹn. Má fọwọ́ kàn án.

WáyàPípé
Bó bá jẹ́ àlòkù lo fẹ́ rà, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Orúkọ máa ń jọra kí inú má jọra. 1060 oní 3GB, core 1152 ló ní, oní 6GB ní 1280. RX 580 gidi ní 2304, èyí tí wọ́n kọ 2048SP sí, inú 570 ni. RTX 3060 tún ní oní 8GB tí ọ̀nà VRAM ẹ̀ jẹ́ 128-bit, ti 12GB jẹ́ 192, ó fi gidi lọ́ra ju ti 12GB lọ. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń yí BIOS káàdì àtijọ́ pa dà kó lè máa pe ara ẹ̀ ní tuntun. GPU-Z, ètò kékeré tó ń fi inú káàdì hàn ni, gbé e sórí flash, ṣí i níwájú ẹni tó ń tà á, ka iye core àti bit yẹn.

Lẹ́yìn náà ní kó jẹ́ kó o gbá géèmù tó wúwo fún bí ìdajì wákàtí. Bó o bá rí àmì kéékèèké tó ń ṣẹ́jú tàbí ìlà aláwọ̀ tí kò sí nínú géèmù, dìde. Fetí sí fáànù. Wo orí ìdè ẹ̀yìn káàdì, bó bá ti họ, ẹnì kan ti tú u rí, bi í léèrè ìdí. Káàdì tí wọ́n fi wa crypto ò fi bẹ́ẹ̀ burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ, fáànù àti thermal paste (ọ̀rá tó ń gbé ooru kúrò) ẹ̀ ló máa ń gbó, bí owó ẹ̀ bá fi ìyẹn hàn kò sí wàhálà.

Ìgbà_Ọ̀tun
Mo ti gbà pé AM5 ò kan ọ̀rọ̀ yìí. Àmọ́ mo fẹ́ kó mọ̀ pé 2600 máa dí 6600 lọ́wọ́ nínú géèmù ìbọn, nọ́ńbà ẹ̀ lè má fi bẹ́ẹ̀ kúrò ní 130 yẹn.

Ìyálóde_Benchmark
Òótọ́ lo sọ, ibẹ̀ ni ẹwà AM4 wà. Nígbà tówó bá tún wọlé, Ryzen 5 5600 á wọ inú motherboard kan náà pẹ̀lú RAM kan náà. Wo 5600 dáadáa o, kò dọ́gba pẹ̀lú 5500: cache L3 (ibi ìrántí kékeré inú CPU) ti 5600 jẹ́ 32MB, ti 5500 jẹ́ 16, géèmù sì fẹ́ràn cache. 5700X3D ní 96MB, ẹni tówó ẹ̀ bá ká a kó mú un, kò bá fáànù wá o.

BIOS ni kó o kọ́kọ́ gbé sókè kí 2600 tó kúrò nínú ẹ̀, torí B450 tí BIOS ẹ̀ ti pẹ́ ò ní dá 5600 mọ̀, ojú dúdú lásán lo máa rí. Lọ sójú ewé motherboard ẹ, wo BIOS tí wọ́n kọ 5600 sí, rí i dájú pé iná ò ní lọ nígbà tó bá ń kọ ọ́.

Ọdẹ_FPS
RX 6600 ni mo máa mú, àlòkù, mo ti rí ẹnì kan tó gbà kí n dán an wò. 5600 di ìgbà míì. Ṣé nǹkan kan kù tí mo gbọ́dọ̀ ṣe kí n tó yọ 1060?

AgbáKéèsì
Wọn inú kéèsì láti ẹ̀yìn títí dé fáànù iwájú, fi wé gígùn káàdì yẹn. Gbé DDU sílẹ̀, wọ Safe Mode, fi nu driver NVIDIA kúrò, pa kọ̀ǹpútà, yọ wáyà iná lára ògiri, ìgbà yẹn ni kó o tó tú ìdè. Driver AMD á wọlé lẹ́yìn tó bá tàn.

Ọdẹ_FPS
Kéèsì gba 31 sẹ̀ǹtímítà, káàdì yẹn jẹ́ 20. Mo ti gbé DDU sílẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín.